Ẹyin Ẹ̀yìn Ìkòkò

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, Yábàá.
Jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, bátìrì ni mo ń bá yí.
Ọ̀gá Ṣówándé ti lọ sílé,
ó ní kí n parí àwòrán náà kílẹ̀ tó mọ́:
ilé alájà méjìlá, gílàsì láti òkè délẹ̀,
tí wọn yóò kọ́ sórí ilẹ̀ kan ní Pópó Àgùdà.

Ìka mi ló ṣèèṣì.
Bọ́tìnnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, n kò rántí èwo,
ìlà àtẹ̀gùn kan ni mo fẹ́ pa rẹ́.
Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn díẹ̀, bí ẹni tó ń mí sínú,
adìyẹ kan sì jáde láti ẹ̀yìn ògiri kejì.

Adìyẹ o! Ìlà funfun lásán ni,
ó gba inú yàrá tí n kò tíì fi ilẹ̀kùn sí,
ó gun àtẹ̀gùn, ó jábọ́ níbi tí àtẹ̀gùn pin sí,
ó yé ẹyin.
Mo tẹ ẹyin náà, ó là.
Orúkọ ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀,
orúkọ tí ahọ́n mi kò lè pè.
Ọ̀kan kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀ pé
ọ̀sẹ̀ tí àwọn parí apá òrùlé ni ìyàwó òun bímọ.

Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń fi ètò yìí yàwòrán,
tí à ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún bí owó ilé,
mo rò pé irin ló bí i.
N kò mọ̀ pé ẹnìkan wà nídìí rẹ̀ tí ebi ń pa lóru,
tó ní: ọ̀gá kò ní í rí i,
ẹ jẹ́ n fi adìyẹ mi síbí.

Ilé tí wọn yóò wó kí tiwa tó dìde,
èmi àti Fẹhíntọlá la lọ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, òdòdó sìmẹ́ǹtì lórí fèrèsé,
àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí bí èèpo ọsàn.
Màmá Filomẹ́nà jókòó síta, kò dá wa lóhùn.
Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ilé,
ṣé ẹ ti wọn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn?"
Ó fi ọ̀bẹ ìdáná ha ẹfun kúrò.
Àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé kan wà nínú sìmẹ́ǹtì,
ẹja kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
"Bàbá bàbá mi ló rẹ́ ògiri yìí.
Onílé ní kò gbọdọ̀ kọ orúkọ sára iṣẹ́ olówó.
Ó bá gbé ọmọ rẹ̀ sókè. Ọwọ́ bàbá mi nìyẹn."
"Ẹja ńkọ́, Mà?"
"Èmi ò mọ̀. Bóyá òun ni wọ́n jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ògiri, mítà mẹ́ta ó lé díẹ̀.
Ìwé ìwọ̀n wa kò ní àyè fún ọwọ́ ọmọ.

Bátìrì ti fẹ́ẹ̀ tán.
Mo sún mọ́ òpó kẹrin, mo tún sún mọ́ ọn,
títí òpó fi tóbi ju Èkó lọ,
dé ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan kò lè ká.
Mo fa ìka márùn-ún síbẹ̀.
Ẹja náà kò jọ ẹja. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Mo kọ ọ́: Ìdàyátù ló yà á, kò tíì jẹun alẹ́.
Mo sọ ìpele náà ní "páìpù omi ìdọ̀tí",
kò sẹ́ni tó ń ṣí ibẹ̀ wò.

N kò sọ pé mo gba ilé kankan là.
Kátápílà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé,
ọwọ́ ọmọ yẹn yóò bá típà lọ dí àbàtà níbìkan.
Ṣùgbọ́n adìyẹ tó ń yé sẹ́yìn ìkòkò,
ta ló bèèrè àyè lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo tún tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta, mo ń wá a.
Mo tẹ mẹ́ta mìíràn.
Iná kú.
Nínú gílàsì dúdú, ojú mi,
ẹ̀yìn mi fèrèsé, ẹ̀yìn fèrèsé ìlú.