Àbùrà

Kọjá Iléṣà, níbi tí Ọ̀ṣun ti ń rá pálá nínú ẹrẹ̀,
Ògúnlúsì, tó la gẹdú fún ọgbọ̀n ọdún,
ní kí n bọ́ bàtà kí n tó kí i.
Mo rì dé orúnkún.
Ìgbà yẹn ni mo tó gbójú sókè.

Ó ga. Kí ni n ó tún sọ?
Ìdí rẹ̀ kò yọ ìyẹ́ bíi ti àràbà;
ó kàn ti inú omi dìde, ó lọ tààrà,
ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́ta kó tó ya ẹ̀ka kan.
Èèpo rẹ̀ rí bí eérú àná.
Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́:
inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ahọ́n ọmọdé.

Ewé rẹ̀, méjì méjì, wọ́n kọjú síra wọn,
wọ́n fẹ̀ tó èyí tí a lè fi pọ́n ẹ̀kọ.
Láàárín wọn, awẹ́ kékeré méjì pa ọwọ́ dé ọ̀mùnú
bí ẹni ń gba iná fìtílà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.
Òdòdó rẹ̀ ṣù roboto; oyin kò jẹ́ n sún mọ́ ọn.
Hóró rẹ̀ fúyẹ́ ju ìyẹ́ lọ.
Mo sín lẹ́ẹ̀kan, mo pàdánù igba.

Ògúnlúsì kò kọ nǹkan kan.
Ó na apá mọ́ igi náà, ó fi etí lé èèpo.
"Kì í dá ayùn lóró," ló wí.
"Méjìdínlógún ni mo gé létí omi yìí.
Èyí nìkan ni mi ò rọ́nà gbé jáde."

Mo wo ìwé mi: gíga, èèpo, ewé, òdòdó.
Kò sí àyè fún ìyẹn.
Mo ṣí i sódì, mo kọ ọ́ sẹ́yìn,
ẹrẹ̀ ọwọ́ mi sì lù ú ní òǹtẹ̀.