Ìpẹ̀kun Ọ̀pá

Iná tún lọ ní Madurai.
Ezhilarasi tan àbẹ́là, ó ṣí ìwé:
ọ̀pá irin kan, iná ní orí kan, òtútù ní ìkejì;
ṣírò bí ooru ṣe ń rìn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi níbí.
Ó ń kó ìgbì jọ, kékeré lé ńlá lórí,
ó dé ìkeje,
igun ò tíì mú.

Bàbá rẹ̀ alágbẹ̀dẹ pè. "Kí lẹ ń kọ́?"
"Ìgbà tí ooru yóò dé ọwọ́ ẹni tó di irin mú."
Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.
"Èyí tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ san owó ilé-ìwé rẹ̀?"

Ó kọ òdo sí ìpẹ̀kun ọ̀pá,
níbi tí ọwọ́ bàbá wà.