Ìwé Tí Kò Lámì

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fún mi níwèé,
lẹ́nu géètì, kí n tó bọ́ bàtà ìta.
Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá
kí àwa ará ìdí ààrò lè kà á délẹ̀,
ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ ò mọ àmì ohùn:
"A ti gbe yin lo si ise tuntun."

Mo kà á, iṣẹ́ ni mo rí.
Mo wo iye owó tó wà nísàlẹ̀,
mo tún un kà,
ìṣẹ́ ló yọjú sí mi.

Ìyá mi, ọmọ Ìjerò tí kò rìn kọjá Adó rí,
ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kò gbójú sókè:
"Uṣẹ́ ni, àbí ùṣẹ́?"
N ò rí èsì fún un.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣọ́ iná
nílé iṣẹ́ táìlì tó wà lọ́nà Ìpótì.
Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó bá pọ́n bí ẹyìn,
mo mọ̀ ọ́n nígbà tó bá funfun débi
tí amọ̀ inú rẹ̀ kò ní í jẹ́ amọ̀ mọ́.
Àpá rẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ mi méjèèjì.
Wọ́n ní ipò olùṣọ́ iná ti parẹ́.
Wọ́n ní kí n lọ máa ṣí géètì,
kí n máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀,
ní ìlàjì owó,
kí n sì dúpẹ́.
"Ọjọ́ Ẹtì kẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí i," ni mánijà wí.
"Ẹni tó bá kọ̀, òun ló fiṣẹ́ sílẹ̀."

N ò fojú di géètì.
Bàbá Ọlọ́fintúyì ló ń ṣí i títí ojú rẹ̀ fi di,
ènìyàn gidi ni.
Ohun tí mo ń bèèrè ni pé:
ta ló kú, tí ẹ fi ń sin mí?

Abílékọ Fágbohùn, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa,
fa ìwé àdéhùn yọ nínú páálí bisikíìtì.
Aáyán ti jẹ etí rẹ̀, kò jẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.
Ó fi ìka tọ ìlà bí ẹni ń ṣa èṣù lára ìrẹsì:
bí ipò kan bá máa parẹ́, kí wọ́n pè wá jókòó
kí wọ́n tó pinnu, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀;
oṣù mẹ́ta ni ìkìlọ̀, kì í ṣe ọjọ́ márùn-ún;
ẹni tí kò bá gba ipò tó rẹlẹ̀
kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀,
owó gbogbo ọdún tó fi sìn ṣì ń dúró dè é.
"Famúrewá," ó ní, "má fọwọ́ sí nǹkan kan.
Má sì jà. Máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Lóru Ọjọ́rú, fóònù mi dún.
Ìlésanmí ni, ọmọ tí wọ́n gbà lóṣù tó kọjá
ní owó tí kò tó ìdajì tèmi.
"Bàbá, iná yìí ti ń ya búlúù létí. Kí n ti ṣe é?"
Mo dákẹ́ díẹ̀.
Táìlì ò ṣẹ̀ mí. Ọmọ náà ò ṣẹ̀ mí.
"Má dín in kù lójijì. Ka oókan dé ọgọ́rùn-ún
kó o tó tún fọwọ́ kàn án."
Lẹ́yìn náà ni mo tan àtùpà,
mo ṣí ìwé iléèwé ọmọ mi sẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé:
Ọjọ́rú, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òru,
ipò tó ti parẹ́ pè mí lórí fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, mo dá ìwé náà padà láìfọwọ́sí.
"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi fàmì sí ọ̀rọ̀ kan,
ìlà kẹta, ìkẹyìn kó ku ẹyọ kan."
Ó rẹ́rìn-ín, ó gba bírò,
ó wo i náà títí.
Bírò ń bẹ lókè, kò balẹ̀.
Lẹ́yìn wíńdò rẹ̀, èéfín ààrò ń gun òkè lọ
bí ẹni tí ẹnì kankan ò tíì fún níwèé.