Ẹ Má Pa Á

Mo kọ ọ́ sí pátákó, mo kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn,
mo fi bíírò pupa fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀:
Ẹ MÁ PA Á. Ó Ń ṢIṢẸ́ LỌ́WỌ́.
Mo tún fẹnu sọ ọ́ láti yàrá kìíní dé ìkeje
ní ilé alájà méjì tó kọjú sí ọ̀nà Agodi,
níbi tí a ti ń tọ́jú orúkọ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì.
"Ṣé ó yé yín?" "Ó yé wa, ọmọ kọ̀ǹpútà."
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ọdẹ́wálé ni mo ń jẹ́.

Ìmúdójúìwọ̀n.
Ìyáàfin Ògúnjìmí ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá.
Mo ní, Yorùbá náà nìyẹn, mà.
Ó ní, Yorùbá ibo? Kì í ṣe ti Ìbàdàn tiwa níbí.
Mo wá ní, ẹ̀rọ fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, ẹ yíjú sẹ́yìn fún un,
ẹ má ṣílẹ̀kùn mọ́ ọn títí yóò fi wọ̀ ọ́ tán.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó yé e. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún
ó ti tẹ bọ́tìnnì, ó ní òun fẹ́ wò ó
bóyá ó ti wọ̀ ọ́ tán.

Ẹnìkan ké sí mi lókè: "Wá, kọ̀ǹpútà mi kú."
Mo gun àtẹ̀gùn méjìdínlógójì, mo débẹ̀,
okùn rẹ̀ wà nílẹ̀ bí ejò tó jẹun yó,
kẹ́tùlù ló gba ipò rẹ̀ lára ògiri, ó ń hó.
Ẹlòmíràn ní, láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ kan tòun lọ́dún tó kọjá
ni orúnkún ti ń ro òun.
Mo béèrè pásíwọọ̀dù. Àlàájà Sìfáwù wò mí sùn-ùn:
"Ṣé ìyá tó bí mi ló bí ọ, tí n ó fi sọ àṣírí mi fún ọ?"
Bẹ́ẹ̀ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ẹ̀rọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà,
orúkọ àbígbẹ̀yìn rẹ̀ àti ọdún tó bí i.

Nígbà tó fi di agogo mẹ́rin ààbọ̀, ó ku ẹyọ kan,
ìyá àwọn ẹ̀rọ, tó wà ní yàrá Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan.
Ó ti ka mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo ní kí n sáré sọdá, kí n ra àgbàdo sísun.
Òjò ṣú láti apá Ẹlẹ́yẹlé, àwọn páànù ìlú
tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ wá dúdú bí ẹ̀dọ̀.
Kí n tó padà, ojú ẹ̀rọ ti ṣókùnkùn.
Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan ti yọ gbogbo wáyà lára ògiri,
ó ká wọn rẹgí bí aṣọ ọjọ́ Ìsinmi,
ó dúró dè mí, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Mo ti bá ọ pa á."

Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu kò ṣeé sọ níwájú irun funfun.
Mo gbé e mì pẹ̀lú àgbàdo. Àwọn méjèèjì gbóná.
Ó ní: "O ò tíì dáyé. Ní Òkè-Àdó,
ààrá gba ojú wáyà wọ ilé bàbá wa.
Rédíò ni wọn ò yọ. Rédíò kan ṣoṣo.
A ò rí bébà kan mú jáde. Ìwé ẹ̀rí mi.
Àwòrán ìyá mi, n ò ní òmíràn.
Láti ọjọ́ náà, òjò kì í ṣú lójú mi kí n má yọ wáyà."

Mo ki okùn bọ ibi tó ti wá.
Ẹ̀rọ jí, ó ń wò wá bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí,
ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.
Kí n má purọ́: fóònù tèmi ti ń bẹ̀ mí láti oṣù Ẹrẹ́nà
pé kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kóun náà pààrọ̀ aṣọ,
mo sì ń tẹ̀ ẹ́ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀la.

Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan fa àga rẹ̀ mọ́ tèmi.
Mo dá àgbàdo sí méjì. Ààrá sán lọ́nà Mọ́kọ́lá,
ọwọ́ rẹ̀ na síhà ògiri, mo rí i,
ó fà á padà, ó fi ìdí jókòó lé e.
"Mélòó ló kù?"
Mẹ́ta, sà.
"Mẹ́ta ló kù?"
Rárá o, mẹ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kà.
Ó mí kanlẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn.
"Mẹ́rin," ó ní. Ó pẹ́ díẹ̀.
"Mẹ́rin náà ni."