Ojú Abẹ́ Òrùlé

Mùníràt pè láti Àbújá kí n tó fọ ẹnu.
"Bàbá, kámẹ́rà yín ti fọ́jú.
Lọ́sàn-án mo ń rí ewé máńgòrò lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo ń rí adìyẹ Ìyá Ṣàkírátù tó ń ṣá ẹ̀fọ́ yín jẹ.
Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìkùukùu ni,
funfun báláú, bí ẹni da ògì sójú fóònù.
Nǹkan kan sì ń rìn nínú ìkùukùu náà.
Bàbá, ẹ tilẹ̀kùn."

Mo ní ó dáa.
Òkùnkùn kì í mọ ẹni ọ̀wọ̀,
ta ni yóò wá sọ pé kí kámẹ́rà mọ̀ ọ́n?

Sùfíánù tó so ó mọ́ òrùlé dé láti Ìgbọ̀nà.
Ó ní iná kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí,
ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́fun ló ń dá iná náà padà sí i lójú.
Ó yí i díẹ̀ kúrò lára ògiri,
ó ní kí n máa pa gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́,
ó dárúkọ owó tuntun kan, mo rẹ́rìn-ín, ó lọ.
Lóru ọjọ́ náà Mùníràt ní ó sàn díẹ̀:
ìkùukùu àná ti di èéfín.

Èéfín kẹ̀? Èmi!
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi nu gíláàsì àtùpà
ní ibùdó rélùwéè Òṣogbo,
tí mo ń fi iná sọ fún ọkọ̀ ojú irin bóyá kó wọlé, bóyá kó dúró.
Eérú díẹ̀, omi díẹ̀, àkísà tó gbó dé ibi tó ti rọ̀ —
rárá, ẹ má fi eérú kan kámẹ́rà o,
yóò ha á lójú.

Mo gun àkàbà nírọ̀lẹ́, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Alántakùn ti ta láti imú kámẹ́rà dé etí páànù,
eruku ọyẹ́ sì ti fi ibẹ̀ ṣe ibùsùn.
N kò bínú sí i. Ara kámẹ́rà lọ́ wọ́ọ́rọ́,
ta ni kò ní fẹ́ sùn síbẹ̀ lásìkò yìí?
Mo ká a kúrò, mo rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀:
ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ láti ilé ìtajà,
Sùfíánù kò bó o!
Ọdún kan gbáko ló fi ń wo ayé láti inú ọ̀rá.
Mo bó o. Mo nu ojú náà
pẹ̀lú gèlè Sàlámátù, èyí tó gbó,
èyí tí n kò tíì lè jù nù.

Láàárọ̀, fóònù dún. Mùníràt kò tètè sọ̀rọ̀.
"Bàbá, ó ti mọ́ bí omi àmù.
Mo rí ẹni tó ń rìn.
Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.
Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, kò wọ bàtà.
Ó dúró sẹ́nu géètì, ó kọjú síhà ibùdó rélùwéè,
ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni mú nǹkan dání.
Ẹ kì í sùn ni?"

Mo ní mò ń sùn.
Ó ní, "Bàbá."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní.
Èmi náà ni mo sì fọwọ́ ara mi nu ojú ọ̀hún.
Ọkọ̀ Kánò ló máa ń wọlé ní àkókò yẹn.
Ó ti pẹ́ tí kò wọlé mọ́,
ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó sọ fún ẹsẹ̀ mi.

Lóru ọjọ́ kejì mo fa àtùpà àtijọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Gíláàsì àwọ̀ ewé rẹ̀ ti sán, ó ṣì ń tàn.
Mo dúró níwájú ojú abẹ́ òrùlé,
mo fì í lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, láti òsì sí ọ̀tún.
Lójú kámẹ́rà, kò sí àwọ̀ ewé, kò sí pupa,
eérú ni gbogbo rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti jókòó lórí àpótí níbùdó rí,
tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ń wo ọwọ́ mi,
kò ní béèrè àwọ̀.
Ọ̀nà mọ́. Máa bọ̀.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé.
N kò tètè lọ gbé e.