Ẹ̀rí Kìn-ín-ní

Akọ̀wé kóòtù ní kí n kọ iye owó náà síbí.
Ojú ihò kékeré kan ni wọ́n yà sórí fọ́ọ̀mù,
kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ.
Mo kọ ọ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógóje náírà.
Ọ̀rọ̀ ya kọjá ìlà, ó wọ ibi tó jẹ́ ti kóòtù nìkan.
"Bàbá, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ."

Èmi Ọ̀nàfẹ̀sọ̀, oníṣòwò obì ní Sábó, Ṣágámù,
ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń di gbànja sínú ewé gbòdògì.
Obì mi mọ Jẹ́bà, ó mọ Mọ́kwà,
kò mọ ojú ọ̀run rí,
àfi ọdún yìí tí Màálámù Sanda ń fọmọ fọ́kọ ní Kánò,
tó ní, "Gòrò tìrẹ ni n ó fi tọrọ àdúà."
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣà á.
Pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀,
kò sí ọ̀kan tí èékánná kàn.
Ọmọ mi ní ọ̀nà ò dáa mọ́, kí n wọ bàlúù.

Bàlúù gbé mi. Kò gbé apẹ̀rẹ̀.
Mo dúró ti rọ́bà dúdú tó ń yípo,
ẹrù ẹlẹ́rù ń kọjá, ń kọjá,
títí rọ́bà fi dákẹ́.
Ọwọ́ òfo ni mo fi jókòó níbi ìgbéyàwó.
Sanda wò mí, ó ní, "Ba komai."
Ká ní ó bú mi ni.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni apẹ̀rẹ̀ tó yọjú n'Íkẹjà.
Mo tú ewé, ooru kọ lù mí lójú,
kòkòrò ń rìn bí ẹni tó sanwó ilé.
Iléeṣẹ́ bàlúù ní inú obì ni kòkòrò obì ń gbé.
Òótọ́ ni.
Ta ló wá tì í mọ́lé fọ́jọ́ mẹ́sàn-án?

Mo kọ lẹ́tà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, wọn ò fèsì.
Mo pè wọ́n, fóònù ń kọrin fún mi
títí owó ìpè mi fi tán.

Àwọn ará Sábó ní, a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́.
Èmi àti bàlúù, ìgbà wo la ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀?

Mi ò gba lọ́yà. Wọ́n ní ẹjọ́ kékeré ò nílò rẹ̀.
Akọ̀wé so tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ fọ́ọ̀mù, ó ní ẹ̀rí dà?
Mo gbé ọ̀rá kalẹ̀: obì mẹ́fà,
márùn-ún ti di ìyẹ̀fun, ọ̀kan ṣì dá ṣáṣá.
Ọwọ́ rẹ̀ ti ń nà sí i.
"Abilékọ Odùbélà, ẹ má jẹ ẹ̀rí o."
Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi bírò kọ ọ́ sára ọ̀rá.

Akódà á gbéwèé lọ s'Íkẹjà lọ́jọ́ Ajé.
Kí n tó dìde, mo béèrè
ibi tí wọ́n ń kọ "Ba komai" sí.
Ó yí fọ́ọ̀mù padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú.
"Kò sáyè ẹ̀, Bàbá.
Bí Májísíréètì bá bi yín, ẹ fẹnu sọ ọ́."

Tírélà Ìdírísù ń lọ lálẹ́ òní.
Mo ti ṣa ogójì, pupa nìkan.
Ewé ló kù.