Okùn

Ọmọláńgidi méjì ló wà lórí igi tí Dòsú ń gbé jó,
ọkọ àti ìyàwó, wọ́n jọ di ọmọ odó mú.
Èmi ni mo ń rán aṣọ tó bò ó.
Lọ́sàn-án, "ẹ kú iṣẹ́" ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ;
á wo bàtà rẹ̀, á gba ọ̀nà Àkàbà lọ.
Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú lọ́jà Kétu,
tí wọ́n tan àtùpà gáàsì,
ọmọ igi á yíjú sí mi:
"Àwẹ̀ró, ṣé o ti jẹun?"
Èrò á bú sẹ́rìn-ín.
"Mo jẹ ẹ̀kọ. Kò sí ẹja."
Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá igi sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀,
apá ọmọláńgidi kò gbéra mọ́.
Mo kira bọ abẹ́ aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán.
Òógùn. Òórùn igi ọmọ̀. Ìka tó ń gbọ̀n.
"Okùn ti já," ló wí,
kò sì sí igi tí yóò bá a sọ ìyókù.

Mo so ó.
Mo fi ìdí okùn náà
sọ́wọ́ ara mi.